Ènì Orí Òkúta Dókítà

Ìyá ọkọ mi kì í ta ohunkóhun láìfi ènì sí i. Ẹ̀wà ló ń tà ní ọjà Ìkàrẹ́. Bó bá ti fi igbá wọn ẹ̀wà fún oníbàárà tán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, á ní kó lọ fi ìyẹn fún àwọn ọmọ. Àwọn èèyàn máa ń rìn kọjá lára àwọn ẹlẹ́wà mìíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé ènì ń jẹ èrè rẹ̀, á ní ahun ló ń wọn nǹkan géérégé, Ọlọ́run náà kò wọn tiwa géérégé fún wa. Mo fi èyí ṣáájú, torí ẹni tí kò bá mọ èyí, tó bá gbọ́ ohun tó ṣe lórí ọmọ mi, ìkà obìnrin ni yóò pè é. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi.

Ọmọ Ọ̀kà ni mí. Wọ́n gbé mi níyàwó wá sí Ìkàrẹ́ ní àsìkò tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àwọn ọkùnrin jáde láti la ọ̀nà, tí wọ́n ń fọ́ òkúta dúdú jọ ní òkìtì òkìtì sí etí ọjà. Ọkọ mi ń ṣòwò obì lọ sí ọ̀nà Kàbà. Bó bá lọ, oṣù lè wọ oṣù kó tó dé, nítorí náà èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé ilé. Ó máa ń fi ohùn Ọ̀kà mi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó gbé iṣu gbígbóná sẹ́nu. Èmi náà kì í dákẹ́. Mo ní iṣu gbígbóná sàn ju iṣu àná lọ, ìyẹn tó wà lẹ́nu àwọn ará Ìkàrẹ́. A máa rẹ́rìn-ín títí. A kì í ṣe ọ̀tá ara wa rárá.

Ọmọ mi àkọ́kọ́, obìnrin, wáyé pẹ̀lú ètè lílà. Ètè òkè rẹ̀ là láti abẹ́ imú wá sísàlẹ̀, débi pé bó tilẹ̀ pa ẹnu dé, a ṣì ń rí èrìgì rẹ̀. Agbẹ̀bí wò ó, ó fi aṣọ bò ó lójú kó tó gbé e fún mi. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àfáà ṣe àdúrà, àwọn èèyàn jẹun, wọ́n wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń wo ilẹ̀. Aládùúgbò wa kan ni ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó bi mí bóyá mo rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tí mo wà nínú oyún. Kí n tó la ẹnu, ìyá ọkọ mi ti dá a lóhùn: "Èmi ni mò ń rán an níṣẹ́ lọ́sàn-án. Èmi ni kó o bi." Obìnrin náà dìde, ó bá tirẹ̀ lọ, ó sì gbàgbé ẹran tó ti dì sínú ewé.

Kì í ṣe ẹwà ọmọ ló ká mi lára. Ọmú ni. Ọmọ náà kò lè mu ọmú. Á fẹnu mú orí ọmú, á fà, afẹ́fẹ́ á gba ojú ibi tó là wọlé, wàrà á sì dà sí mi láyà. Á sunkún, èmi náà á sunkún. Ọmú mi kún títí ó fi ń ro mí, ebi sì ń pa ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́, irú ìyà wo nìyẹn? Mo máa ń rí àwọn ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ so mọ́ wọn láyà, wọ́n sì ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ṣe ìlara wọn débi pé n kì í lè kí wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn, kí ọmọ mi mu ọmú mi.

Ìyá ọkọ mi ló wá ọ̀nà tí ọmọ fi yè. Ó mú ìkarahun ìgbín kan, ó ha inú rẹ̀ mọ́, ó fi etí rẹ̀ ha òkúta títí tó fi jọ̀lọ̀, ó sì sè é nínú omi. Èmi a fún wàrà sínú igbá kékeré, òun a gbé ọmọ lé itan, a gbé orí rẹ̀ sókè, a sì máa fi ìkarahun náà kán wàrà sí i lórí ahọ́n díẹ̀díẹ̀. Kì í rọ ọ́ bí a ṣe máa ń fi ọwọ́ rọ àwọn ọmọ lágbo, torí bó bá rọ ọ́, yóò pá a lórí. Oúnjẹ tí ọmọ mìíràn ń jẹ nígbà tí èèyàn bá ń to iná, tiwa ń gba ìdajì àárọ̀. Ọmọ yìí wá mọ̀ ọ́n. Bó bá ti rí ìkarahun, á máa ta ẹsẹ̀.

Ọkọ mi ló mú ìròyìn dókítà dé. Ó ní oníṣòwò kan sọ fún òun pé òyìnbó kan wà ní ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́n lọ́nà Èkìtì, tó ń rán irú ètè bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó ń rán an? Bí aṣọ?" Ọkọ mi ní bí aṣọ. Ìyá náà wo ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀, kò sì jẹun mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ lọ, òun ló kọ́kọ́ di ẹrù. A gba Ọ̀gbàgì, a gba Ìrùn, a sùn lọ́nà, a sì dé ọ̀dọ̀ òyìnbó náà.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí oòrùn ti sun imú rẹ̀ pupa. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ṣáṣá. Dókítà fi ìka tẹ ètè ọmọ, ó wo inú ẹnu rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ìyá ọkọ mi fa ìró mi lẹ́yìn. Ó ní, "Kí ló ń wọ̀n ọ́n sí? Ṣé ekùrọ́ ni ọmọ èèyàn?" Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

Dókítà ní òun lè rán ètè náà, kò le, ṣùgbọ́n kì í ṣe nísinsìnyí. Ẹ̀jẹ̀ ara ọmọ ṣì kéré. Bí díẹ̀ bá dànù nínú rẹ̀, ìyẹn lè jẹ́ gbogbo rẹ̀. Kó kọ́kọ́ tóbi sí i. Ṣùgbọ́n kó má pẹ́ jù pẹ̀lú, òun fẹ́ rán an kí eyín tó yọ, kí ọmọ lè tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń mu ọmú. Òun alára sì ń bọ̀ wá lọ sí ilẹ̀ rẹ̀ bí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún wa: "Bí ẹ bá yá jù, ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́ jù, eyín. Àárín méjèèjì ni kí ẹ wá."

Mo ní báwo ni mo ṣe máa mọ àárín méjèèjì nílé, níbi tí kò sí òṣùwọ̀n. Dókítà jáde sí àgbàlá, ó bu òkúta yangí wẹ́wẹ́, pupa fòò, ó ń dà á sórí òṣùwọ̀n náà títí ó fi dé ibi tó ń fẹ́. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ funfun rán an bí àpò, ó dì í lẹ́nu. Ó ní kí n so ọ̀pá kan kọ́ láàárín, kí n gbé ọmọ kọ́ apá kan, kí n gbé àpò kọ́ apá kejì. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá dọ́gba, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì má ṣe mọ́ bá wa nílé.

Bí òkúta dókítà ṣe wọ ilé wa nìyẹn. Ìyá ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi nítorí òun ni àgbà, ó gbé e kọ́ sábẹ́ àjà lókè ààrò, níbi tí ó ń gbé irú àti iyọ̀ rẹ̀ sí. Ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń wọn ọmọ, bí àwọn ọkùnrin bá ti kírun dé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, òkúta já wálẹ̀ gbì, ọmọ lọ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní kò burú, yóò tóbi.

Ó sì ń tóbi. Mo ń rí i. Mo tú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ sin lẹ́ẹ̀kan, mo tún un sin, ó tún fún un. Bí mo bá pọ̀n ọ́n lọ odò, ẹ̀yìn á máa ro mí. Síbẹ̀, bí a bá gbé ọ̀pá kọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, òkúta náà ló ń lọ sílẹ̀. Ó súnmọ́ dídọ́gba nígbà kan, mo ti ń di ẹrù nínú ọkàn mi. Nígbà tó di Jímọ̀ kejì, òkúta tún borí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú wàrà mi. Mo ní omi lásán ni mò ń fún ọmọ mu. Mo ń jẹun bí ẹni tó fẹ́ lọ jà. Ìyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ń se ẹ̀fọ́ fún mi, tó ń ra ẹja, tó ń po ẹ̀kọ gbígbóná. Á gbé e síwájú mi, á ní, "Jẹ ẹ́, ìyàwó mi. Wàrà ọmọ ni." Ojú mi ló ń wò tó fi ń sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù nígbà tó yá.

Ọmú tí ọwọ́ bá ń fún kò dà bí èyí tí ọmọ ń mu. Wàrà mi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Igbá tó ń kún tẹ́lẹ̀ wá ń dé ìdajì. Ìyá ọkọ mi ń fi ẹ̀kọ ṣíṣàn kún un. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Ooru mú. Àwọn kan ti ń sun oko wọn, èmi sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: òjò kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀, dókítà á lọ. Ọmọ náà wá ń ki gbogbo ọwọ́ rẹ̀ bọ ẹnu, itọ́ ń dà á láyà. N kò wo èrìgì rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti wò ó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, a gbé ọ̀pá kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Mo fi ọ̀já so ọmọ sí apá kan, ìyá ọkọ mi gbé àpò kọ́ apá kejì. Òkúta tún borí. Mo ti ń gbé ẹkún mì, àfi fàà! Ìdí àpò ya. Òkúta tú dà sílẹ̀, ọmọ já wá sílẹ̀, mo sáré gbá a mú. Nígbà tí mo ti rí i pé kò fara pa, mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ ṣa òkúta jọ.

"Fi í sílẹ̀," ìyá ọkọ mi ní. "Fi í sílẹ̀, èmi á ṣà á."

Ó ti fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, ó ń fi ìró gbá a mọ́ra. Àgbàlagbà kì í yára báyẹn nítorí òkúta. Mo wá wo ilẹ̀. Òkúta pupa wà níbẹ̀. Òkúta dúdú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tó mú létí, tó ń dán. Kò sí òkúta dúdú ní àgbàlá dókítà. Etí ọjà wa ló wà, lórí òkìtì tí wọ́n ń fọ́ sọ́nà ìjọba.

"Ìyá, ta ló fi òkúta ìjọba sínú àpò yìí?"

"Èmi ni." Kò tilẹ̀ wá irọ́ pa. "Ènì ni."

"Ènì kẹ̀?"

"Dókítà wọ̀n ọ́n géérégé. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ọmọ la máa ń wọ̀n géérégé? Mo fi díẹ̀ sí i. Nígbà tó tún fẹ́ dọ́gba, àyà mi já, mo tún fi díẹ̀ sí i."

"Ta ni ẹ ń tà á fún?" Mo ti ń pariwo. N kò pariwo mọ́ ọn rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀. "Ìyá, ta ni oníbàárà yín? Ẹ ń wò mí tí mò ń jẹ, tí mò ń jẹ, tí mò ń bú ara mi! Ẹ ń wò mí!"

Ó jókòó sílẹ̀ láàárín òkúta náà. Ó ní òun bí ọmọkùnrin kan ṣáájú ọkọ mi. N kò gbọ́ ọ rí, ọkọ mi náà kò sì gbọ́ ọ rí. Ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ dá abẹ́ fún un, olóòlà wò ó, ó ní ọmọ yìí fúyẹ́, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní wọ́n ti dá ọjọ́, wọ́n ti pe èèyàn. Wọ́n dá a. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n fi ewé sí i, wọ́n fi eérú sí i. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi di ibẹ̀ mú," ó ní, "títí ó fi tutù." Kò sunkún. Ó ń fi òkúta dúdú sí apá kan, ó ń fi pupa sí apá kan, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀gbin inú ẹ̀wà.

Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo mọ̀ ọ́n lówe, ọjọ́ náà ni mo tó rí ẹni tó ṣe é lójú mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi. Inú sì tún ń bí mi sí i, n kò ní purọ́. Mo kó òkúta pupa nìkan sínú gèlè mi, mo dì í, mo gbé e kọ́ ọ̀pá, mo so ọmọ mi sí apá kejì. Ọmọ náà lọ sílẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ yà gbàgà, mo sì rí i nínú èrìgì ìsàlẹ̀: eyín méjì, funfun báláú.

Mo ní, "Ìyá, ẹ wá wo ènì yín." Ìyá ọkọ mi wá, wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Áà! Mo ti pẹ́ jù."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ a ti wà lọ́nà. Ọkọ mi kò sí nílé, a tẹ̀ lé àwọn aláṣọ tó ń lọ sí Èkìtì. Mo ní kí ìyá ọkọ mi dúró, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn kò gbà. Wọ́n so ìkarahun ìgbín mọ́ etí ìró, wọ́n ń tiro bọ̀ lẹ́yìn mi. Láti Ìkàrẹ́ títí dé Ìrùn, n kò bá wọn sọ̀rọ̀ àfi "ẹ rọra" níbi tí òkúta bá wà.

Nígbà tí a dé àgbàlá dókítà, àpótí ló kún ibẹ̀, àwọn aláàárù ń di ẹrù. Dókítà ti múra ìrìnàjò, ṣùgbọ́n kò tíì lọ. Ó gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ó la ẹnu rẹ̀, ó rí eyín, ó sì sọ nǹkan kan tó le sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó ní kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

Mo lè purọ́ pé àìsàn ló dá wa dúró. Mo wo ìyá ọkọ mi, wọ́n tẹrí ba. Mo ní, "Wọ́n fi ènì sí òkúta rẹ̀ ni. Àgbà ni wọ́n, ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń bà wọ́n." Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, kò rín in mọ́. Ó pẹ́ tó fi ń ṣàlàyé fún òyìnbó náà, tó ń fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń bu ẹ̀wà. Dókítà wo ìyá ọkọ mi. Ó ní òun á rán an lọ́la, òun á sì máa lọ ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Kí a má fún ọmọ ní ohunkóhun láàárọ̀.

Láàárọ̀ náà, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú èèyàn sùn. A jókòó sábẹ́ igi òrombó níta. Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, wọn kò mì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, èmi ń bi í bóyá ọmọ ti jí, ìyá ọkọ mi ń bi í pé, "Ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́? Ṣé ó dá?" Nọ́ọ̀sì ní, "Ó ti dá, Ìyá. Ó ti dá tipẹ́." Wọ́n wá sunkún nígbà náà, ẹkún tí wọn kò sun ní Ìkàrẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti dì wọ́n mú, tí mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀.

Dókítà lọ. A dúró títí nọ́ọ̀sì fi yọ òwú. Ó ní ojú egbò ti jinná, kí n fún ọmọ lọ́mú. Gbogbo ètè náà ti pa pọ̀, ìlà kan péré ló wà níbẹ̀. Mo gbé ọmú sí i lẹ́nu. Ọmọ mi wò ó. Ó fi imú kàn án. Ó yí orí kúrò, ó ń wo apá ibi tí ìyá àgbà jókòó sí, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń wá ìkarahun rẹ̀.

Mo tún gbìyànjú lójoojúmọ́ tí a fi wà níbẹ̀. Kò mọ ohun tí ọmú wà fún. Nígbà tí a dé Ìrùn lọ́nà ilé, tí a ń sinmi lẹ́bàá ọ̀nà, ebi ń pa á, ó ń wo etí ìró ìyá àgbà, mo sì sọ ohun tó wà nínú mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìyá ọkọ mi tú etí ìró, wọ́n gbé ìkarahun náà sílẹ̀, wọ́n fi òkúta fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Ọmọ rí i. Ó ké títí àwọn tó ń kọjá fi ń dúró bi wá ohun tó ṣe é. Ìyá ọkọ mi kò gbé e. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo di ọmọ mi mú, mo fún wàrà díẹ̀ tó kù sí orí ọmú, mo fi kàn án létè, mo tún fi kàn án. Ó lá a. Ó dákẹ́ ẹkún. Ó gbá a mú, ó fà á, ètè rẹ̀ sì mú un ṣinṣin, afẹ́fẹ́ kankan kò gbà á kọjá.

Lẹ́yìn náà ló fi eyín méjèèjì gé mi jẹ.

Mo ké. Ìyá ọkọ mi yíjú padà, wọ́n ní, "Yọ ọ́, yọ ọ́, ó ti dá ọgbẹ́ sí ẹ lára!" Ó ń ta mí dé egungun, omijé ń bọ́ lójú mi. N kò yọ ọ́.